Àgbálùmọ̀ Kò Sí ní Mòrókò

Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tó bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó pè mí lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n kọ nǹkan nípa Ìyá Àgbà, nítorí èmi ni gbogbo yín ń pè ní akọ̀wé. Ẹ ò ní rí ọjọ́ ìbí wọn níbí, ẹ ò sì ní rí orúkọ àwọn ọmọ wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìyẹn ti wà lára bébà tí a pín níbi àdúrà. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì lè sọ ọ́ láìsọ irọ́ kan tí mo pa fún wọn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Irọ́ náà ni gbogbo yín ti ń jẹ láti ìgbà náà. Ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ sì ń lá ọwọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ wò bóyá mo ti pa gáàsì.

Ẹ̀gbẹ́ ọjà àgbò ní Alábà Rágò ni Ìyá Àgbà ti ta èèlò ọbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: ata gbígbẹ, atalẹ̀, ajó, kànáfùrù, iyèré. Ilé tí bàbá àgbà kọ́ sí Ajángbádì ni wọ́n ń gbé. Àwa wà ní Òkokomáíkò, ṣùgbọ́n bí iléèwé bá ti gba ọlidé báyìí, báàgì mi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di Ajángbádì. Wọ́n máa ń ra ìwé àlòkù jọ láti fi di ata fún oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fa ìwé ńlá kan yọ nínú òkìtì, wọ́n ti di ewé àkọ́kọ́ mú láti fà á ya nígbà tí ọwọ́ wọn dúró. Lókè ojú ewé náà, lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéwú wà níbẹ̀.

Ní Ìsẹ́yìn tí a ti bí wọn, a kì í fi bébà tí kéwú wà lára rẹ̀ di ata, kò sì gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi etí ìborùn nu ìwé náà, wọ́n fi kan iwájú orí, wọ́n ṣe bísímílà. Ìwé oúnjẹ ni o! Oúnjẹ àwọn ará Mòrókò, àwòrán ẹran àti ewébẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe Kùránì, pé bí a ṣe ń se ẹran ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ojú ò tì wọ́n rárá. Wọ́n ní, “Ibi tí kéwú bá ti dé, ẹbí wa ló wà níbẹ̀.”

Báyìí ni ìwé náà ṣe di tiwa. Ìyá Àgbà ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ṣùgbọ́n wọ́n lọ sílé kéwú dáadáa, wọ́n sì ń fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ańjẹmí. Èmi ńkọ́? Mo sá kúrò nílé kéwú kí n tó mọ alífù yàtọ̀ sí lámù, nítorí ẹgba. Nítorí náà, wọ́n á ka orúkọ oúnjẹ lókè ní kéwú, èmi á ka ìyókù nísàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, n ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á mú bírò, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rántí sí etí ìwé, láti ọ̀tún lọ sí òsì. Bí mo bá parí, wọ́n á ní, “Kà á lẹ́ẹ̀kejì.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń já mi láyà. Bí mo bá ti fi ọgbọ́n orí parí gbólóhùn kan lákọ̀ọ́kọ́, mo gbọ́dọ̀ rántí ọgbọ́n wo gan-an ni mo fi parí rẹ̀. Wọn ò sì jẹ́ kí n sún mọ́ ìkòkò láé. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń kàwé kì í dáná. Ojú kan ò lè wo ibi méjì.”

Àwòrán kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó borí gbé ajere lé ìkòkò ọbẹ̀, ooru ń gba inú ihò rẹ̀ yọ. Ajere ni ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu káàkiri. Òun ni ìyá wọn fi ń sẹ́ irú ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n pariwo débi pé àwọn ayálégbé jáde wá wò wọ́n. “Wọ́n ní ajere! Àwọn ará Mòrókò ní ajere!” Wọ́n ránṣẹ́ sílé kí wọ́n bá àwọn gbé ajere ìyá wọn wá. Wọ́n wá wọ́n omi sí ìyẹ̀fun sẹ̀mó, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i títí tó fi di hóró wẹ́wẹ́, wọ́n sì dà á sínú ajere lórí ooru ọbẹ̀. Kúsúkùsù ni ìwé pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ dì pọ̀, ó di òkèlè kan ṣoṣo. Bàbá mi, tí í ṣe àkọ́bí wọn, fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò.

“Mọ́mì, sẹ̀mó ni eléyìí o.”

Ìyá Àgbà ò wojú wọn. “Sẹ̀mó tó ń lọ sí Mòrókò ni. Kò tíì dé ni.”

Nígbà tó yá, wọ́n ní àfi kí àwọn ní irú ìkòkò inú ìwé, èyí tí ọmọrí rẹ̀ rí ṣóńṣó sókè. Ìkòkò onífìlà ni wọ́n sọ ọ́. Obìnrin Ẹ̀gùn kan tó máa ń kó ìkòkò wá láti ọ̀nà Àgbádárìgì ló bá wọn mọ ọ́n, lẹ́yìn tó ti fi Yorùbá díẹ̀ àti ẹ̀rín púpọ̀ béèrè orí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi dé. Èyí àkọ́kọ́ là lórí èédú, ó ró pàà, ọbẹ̀ dà sínú iná. Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, kò sí ohun tí kì í bà mí lẹ́rù: ìdánwò, ààrá, gáàsì, kí wọ́n pe orúkọ mi níwájú èèyàn. Ìyá Àgbà ń ṣa àpáàdì jọ, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ìkòkò tó bá ń bẹ̀rù iná, kó padà lọ di amọ̀.” Mo rò pé ìkòkò ni wọ́n ń bá wí.

Wọ́n tún ní ìgò ọsàn wẹ́wẹ́. Ìwé ní kí a la ọsàn wẹ́wẹ́ sí mẹ́rin, kí a ki iyọ̀ sínú rẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò fún oṣù kan. Ìgò mẹ́ta jókòó sórí fèrèsé wọn, omi inú rẹ̀ ti pọ́n. Ayálégbé tó ń gbé yàrá iwájú rò pé àgbo jẹ̀dí ni, ó bu ife kan mu lẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́, ó sì ń dúpẹ́ pé ẹ̀yìn tó ti ń ro òun láti ìgbà ọyẹ́ ti fúyẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ti la ẹnu láti sọ ohun tó mu fún un nígbà tí Ìyá Àgbà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó rọra máa gbé nǹkan wúwo. Nígbà tó lọ tán, wọ́n yíjú sí mi. “Má dójú ti èèyàn lórí ohun tó ti ṣe é lóore.”

Ó yẹ kí n ti débi irọ́ náà báyìí. Mo ti ń sá fún un.

Àkókò àgbálùmọ̀ ni. Agbọ̀n àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, tí oníbàárà kan fi ta Ìyá Àgbà lọ́rẹ. Bàbá mi wá kí wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún gbogbo àwọn ará ilé pé kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí èmi Àníkẹ́ ò gbọ́, pé bí òyìnbó ló ṣe ń kàwé. Ìyá Àgbà ṣí ìwé síbi ẹran àgùntàn kan tí èso dúdú roboto wà lórí rẹ̀, tí oyin ń dán lára rẹ̀. Mo ń kà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: àlùbọ́sà, atalẹ̀, oyin, èèpo igi olóòórùn dídùn tí àwọn Hausa Alábà ń pè ní gírífà. Mo wá kan ọ̀rọ̀ kan, ‘prunes’. Mi ò rí i rí láyé mi. Gbogbo ojú ń wò mí, bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbójú sókè, ojú mi sì bá agbọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Àgbálùmọ̀,” ni mo wí.

Ìyá Àgbà gbé bírò dúró. “Kà á lẹ́ẹ̀kejì.”

“Àgbálùmọ̀ ni, Ìyá Àgbà.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo agbọ̀n. “Ó dáa. Àgbálùmọ̀ náà ni.”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ́ lẹ mọ bó ṣe rí. Ó kan, ó sì dùn, ẹran rẹ̀ rọ̀ débi pé egungun ń yọ fúnra rẹ̀. Bàbá mi lá àwo. Láti ọdún náà, ẹran alágbálùmọ̀ di oúnjẹ ẹbí wa. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹ ó ti máa bi wọ́n ìgbà tí ìkòkò onífìlà máa gorí iná. Wọ́n á sì sọ fún gbogbo àlejò pé, “Bí wọ́n ṣe ń sè é ní Mòrókò nìyí.” Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ ni mo máa ń sá lọ fọ abọ́, tí ẹ ó sì máa yìn mí pé mo mọ iṣẹ́ ilé ṣe.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà. Alhaja Ṣìfáwù tí ń gbé ní Ìbà ni ọ̀rẹ́ tó pẹ́ jù tí Ìyá Àgbà ní. Iwájú àfáà kan náà ni wọ́n ti kọ́ kéwú ní Ìsẹ́yìn, lórí ẹní kan náà, wọ́n sì jọ jẹ ẹgba kan náà. Alhaja ti dé Mẹ́kà, Ìyá Àgbà ò dé ibẹ̀. Nígbà tí Alhaja sì tún lọ ṣe úmúrà, bàálù wọn já wọn sí Mòrókò, wọ́n sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún àkọ́kọ́ náà, lẹ́yìn ìrun, àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ajángbádì, àwo ẹran alágbálùmọ̀ wà níwájú wọn. Èmi ni mo gbé omi jáde lórí tíréè.

“Kí lèyí tó kan báyìí?” Alhaja béèrè.

“Àgbálùmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sè é ní Mòrókò ni.”

Alhaja bú sẹ́rìn-ín. “Àgbálùmọ̀ kò sí ní Mòrókò. Mo débẹ̀!”

“Oorun lo lọ sùn níbẹ̀, Ṣìfáwù. Àbí wọ́n mú ẹ lọ sóko wọn ni?”

“Mo ní kò sí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

“Àníkẹ́ ló kà á fún mi.”

Alhaja nawọ́ sí mi. “Ó jẹ́ pé Àníkẹ́ ò mọ̀wé nìyẹn. Sọ fún un kó gbé ìwé náà wá, kó kà á lójú mi.”

Tíréè ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, àwọn ife ń kan ara wọn. Mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi, wọ́n wá na ọwọ́ tiwọn, wọ́n gba àwo kúrò níwájú ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n gbé e sẹ́yìn. Wọn ò pariwo. “Ẹni tó bá pe ọmọ mi ní òpè kò ní jẹ nínú ìkòkò mi mọ́.”

Alhaja dìde, wọ́n ju ìborùn sí èjìká, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ìbà. Mo gbé omi padà wọlé, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò omi bí ẹni pé n kò bù ú rí. Fún ọdún méjìlá gbáko, àwọn àgbà méjì yìí ò ju kí wọ́n kí ara wọn níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi òkú. Nígbà mìíràn, tí nǹkan bá pa Ìyá Àgbà lẹ́rìn-ín gan-an, wọ́n á ní, “Ṣìfáwù ì bá ti rẹ́rìn-ín sí eléyìí.”

Mo ti wọ yunifásítì kí n tó mọ ohun tí mo ṣe gan-an. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lọ ra bísíkíìtì, mo rí ọ̀rọ̀ náà lára ọ̀rá kan, èso dúdú tó ti hun jọ ló wà nínú rẹ̀. Mo rà á, mo jẹ ọ̀kan níbi tí mo dúró sí. Kò jọ àgbálùmọ̀ níbi kankan. Kò kan, kò ní oje, kò ní nǹkan kan. Mo sọ ìyókù nù kí n tó délé, àfi bí olè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa jẹ́wọ́. Mo máa ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Bí mo bá ti rí orùlé wọn, ó parí.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbìyànjú rẹ̀. Ìyá Àgbà ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹsẹ̀ wọn ti wú, mo ń fi òróró pa á. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ rántí ìwé yẹn, ibi ẹran àgùntàn yẹn…” Wọ́n fa ẹsẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi díẹ̀, wọ́n sì dì mí ní ọrùn ọwọ́ mú. “Àníkẹ́, ohun tó ti jinná kì í padà di tútù. Pa òsì náà fún mi.” Mo pa òsì náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ rántí, bàbá mi dìde láàárín gbogbo wa. Wọ́n ní ẹran alágbálùmọ̀ ni a ó fi ṣe sàráà ogójì ọjọ́, pé àwọn ará Ìsẹ́yìn ń bọ̀, pé èmi ni n ó sè é nítorí èmi ni mo ni ìwé náà lórí. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Ẹ ò mọ̀ pé mi ò tíì fọwọ́ kan ìkòkò náà rí. Mo ṣí ìwé. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àgbálùmọ̀ níbẹ̀, báwo ló ṣe máa wà níbẹ̀? Iye tí à ń lò, bí a ṣe ń bọ́ oje rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ètè, ìgbà tí à ń kó o sínú ẹran, gbogbo rẹ̀ wà nínú ohun tí Ìyá Àgbà fi bírò kọ sí etí ìwé. Ojú ewé mìíràn, ìlà méjì, ìlà mẹ́ta. Ojú ewé yẹn, ó kún yíká, òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́.

Kí ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ò jẹ́ kí n jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní rí i kà, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé ẹlòmíì máa rí i kà. Mo gbé e lọ fún àfáà àdúgbò wa. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì sórí lẹ́tà, pé àfi ẹni tí wọ́n jọ kọ́ ọ lọ́wọ́ olùkọ́ kan náà ló lè kà á. Mo rò ó kí n fa ojú ewé náà ya. Mo di í mú. Kéwú ni, ọwọ́ mi kọ̀. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ogójì pé, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ bí òjò bá ti pa àgbálùmọ̀, ìdin ló kù. Mo wé ìwé náà sínú ọ̀rá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìbà.

Alhaja Ṣìfáwù ń ṣa ẹ̀wà lórí àga nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n mọ̀ mí. Wọn ò ní kí n dìde.

“Ìwé yẹn lo gbé wá?” wọ́n béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn ẹbí ní kí n se… ti Ìyá Àgbà. Mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ.”

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wá awò ojú wọn. Wọ́n ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣí Kùránì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka etí ojú ewé kọ̀ọ̀kan jáde bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á. “Sẹ̀mó: má da omi lé e lẹ́ẹ̀kan náà, òpònú.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọsàn wẹ́wẹ́: gbé e jìnnà sí ayálégbé.” Ohùn Ìyá Àgbà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn, mo sì ń ka ewé tó ṣẹ́ kù, torí ojú ewé yẹn ń súnmọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mi ò lè dúró mọ́.

“Alhaja, ẹ dárí jì mí, irọ́ ni mo pa! Mi ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ lẹ̀ ń sọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ba ọ̀rẹ́ yín jẹ́.”

Wọ́n gbé ìka kan sókè. “Dákẹ́. Mò ń kàwé.”

Wọ́n kà á sínú lákọ̀ọ́kọ́, ètè wọn ń mì. Wọ́n bọ́ awò, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e sójú. Wọ́n wá kà á fún mi, díẹ̀díẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí, báyìí ló sì lọ:

“Barkúkù ni wọ́n kọ síbí. Mo bi àfáà kan, wọ́n ní èso àwọn Lárúbáwá ni, kò sí lọ́dọ̀ wa. Àníkẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Ó wo agbọ̀n kó tó dáhùn. Ogún àgbálùmọ̀ fún itan àgbò kan. Fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ oje rẹ̀ kúrò. Tí ẹran bá rọ̀ tán ni kó o tó kó o sí i. Ṣìfáwù, ìwọ nìkan lo lè ka ọwọ́ mi. Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró síbẹ̀, omi wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ìwọ lè gbàgbé ìjà, òun ò ní gbàgbé ìtìjú. Ǹ bá ti wá sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n ajere lẹnu rẹ, kò sí ohun tó ń dúró níbẹ̀. Bínú sí mi díẹ̀ sí i.”

Alhaja fi ìwé lé orí ẹsẹ̀. “Wò ó,” wọ́n ní, “ó tún bú mi sínú ìwé!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú, wọ́n ń pe orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Èmi náà sunkún. Kì í ṣe ìtura nìkan, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú tún bí mi. Ọdún méjìlá ni mo fi bẹ̀rù ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ wọn tà nítorí mi, wọn ò sì bi mí bóyá mo fẹ́. Nígbà tí ojú wa gbẹ, Alhaja ní, “Dìde, lọ ra àgbálùmọ̀ kí òjò tó bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò jáde níbí.”

Alhaja ló yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ ogójì. Wọ́n ti dé Ajángbádì kí n tó dá iná èédú, wọ́n jókòó sórí àpótí Ìyá Àgbà, ìwé wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń kà, èmi ń dáná. Mo gbé ìkòkò onífìlà kaná, mo sì ń retí kó ró pàà. Kò ró. Mo fọ oje kúrò lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bi wọ́n bóyá ẹran ti rọ̀, wọ́n ní tí mo bá tún bi àwọn, àwọn á padà sí Ìbà.

Ẹ̀yin wà níbẹ̀ nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tí ẹ rí. Bàbá arúgbó kan láti Ìsẹ́yìn mú egungun kan sókè, wọ́n ní, “Ẹran yìí kàmàmà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń sè é ní Mòrókò nìyí lóòótọ́?” Bàbá mi na ọwọ́ sí mi, inú wọn ń dùn. “Ẹ bi ọmọ mi, òun ló ń ka ìwé náà.” Gbogbo yín yíjú. Mo dìde. Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́, torí èmi kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ́. Ìdí kan náà ló mú mi kọ èyí báyìí, bí Alhaja tilẹ̀ ní kí n má kọ ọ́. Mo la ẹnu. Ẹsẹ̀ kan sì tẹ tèmi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, gírígírí.

“Inú ìwé ló wà,” Alhaja Ṣìfáwù dáhùn, wọn ò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú àwo wọn. “Èmi tí mo dé Mòrókò, èmi fúnra mi ni mo kà á. Àníkẹ́, bù sí i fún mi.”